Ẹjọ́ Bill Cosby: Ẹ̀rí tó dè é mọ́lẹ̀ náà ló tú u sílẹ̀

Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2021, Bill Cosby, aláwàdà àti òṣèré tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti dá lẹ́bi pé ó fún obìnrin kan lóògùn, ó sì fọwọ́ kàn án lójú ara, jáde lẹ́wọ̀n ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé ilé ẹjọ́ ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé 79 ni ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà kọ. Kò síbi tí wọ́n ti sọ nínú rẹ̀ pé kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe, kò sì síbi tí wọ́n ti pe obìnrin tó fẹ̀sùn kàn án ní òpùrọ́. Ìjọba ni wọ́n bá wí: agbẹjọ́rò ìjọba kan ṣe ìlérí ní 2005, àwọn tó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì yẹ ìlérí náà ní 2015.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òfin ṣe ń mú alágbára, àti ibi tí okùn ti máa ń já, ẹjọ́ yìí ló yẹ kó tẹ̀ lé láti ìdí rẹ̀. Àwọn ará ìlú tó jókòó gbọ́ ọ gba obìnrin náà gbọ́. Ìwé kan tí ẹnì kan kò kọ ní 2005 ló bà á jẹ́.

Oògùn mẹ́ta, ọdún kan

Andrea Constand, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ló ń bójú tó ètò iṣẹ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti àwọn obìnrin ní Yunifásítì Temple, ní Philadelphia. Cosby wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí yunifásítì náà. Ibẹ̀ ló ti kàwé, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa ń fi yangàn níbẹ̀ tó o. Ọ̀gá àwọn ọ̀gá obìnrin náà ni, ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ yìí máa padà wá wúlò.

Ní oṣù kìíní 2004, nílé Cosby tó wà ní Cheltenham lẹ́bàá Philadelphia, ó fún Constand ní oògùn oníkóró mẹ́ta aláwọ̀ búlúù, ó ní yóò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Constand ṣe wí níwájú adájọ́, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan ní méjì-méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, Cosby sì ń fọwọ́ kàn án lójú ara nígbà tí kò lè gbé apá tàbí kó sọ̀rọ̀. Ohun tí Cosby sọ ni pé obìnrin náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé Benadryl lásán, oògùn tí wọ́n ń lò fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn, ni òun fún un.

Odindi ọdún kan ni obìnrin náà fi dákẹ́. Ó ti padà sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Kánádà kó tó sọ fún ìyá rẹ̀ ní oṣù kìíní 2005. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n pe ọlọ́pàá Ontario, tí àwọn yẹn sì gbé ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Pennsylvania, níbi tí nǹkan ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Gianna, kò dúró de ọlọ́pàá. Ó pe Cosby lórí fóònù, wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì ó lé. Ó bi í léèrè orúkọ oògùn náà. Cosby ní òun máa kọ ọ́ sórí ìwé, òun á fi ránṣẹ́ sí i. Kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Gianna kò ká ìpè àkọ́kọ́ yìí sílẹ̀. Nígbà tí ìpè fi máa tún wọlé, ó ti ra ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀. Ọdún 13 lẹ́yìn náà, àwọn júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí ń dá ẹjọ́, gbọ́ ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn, níbi tí Cosby ti ní òun lè sanwó kí Constand lọ kàwé sí i. Ìpè àkọ́kọ́, tó gùn jù lọ, ẹnu ìyá nìkan ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Kí ni ọdún kan bà jẹ́? Ó ba ẹ̀rí inú ara jẹ́. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lára: láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ mọ́. Ojú ọgbẹ́ á ti jiná, aṣọ á ti di fífọ̀. Ohun tó kù kò ju ọ̀rọ̀ ẹnì kan sí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà ń pè ní bàbá wọn torí eré tẹlifíṣọ̀n.

Ìlérí tí a kò kọ

Bruce Castor ni agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba ní agbègbè Montgomery nígbà náà. Ní ọjọ́ 17, oṣù kejì, 2005, ó fi ìwé síta fún àwọn oníròyìn pé òun kò ní fẹ̀sùn kan Cosby, nítorí pé ẹ̀rí kò tó. Ó tọ́ka sí bí obìnrin náà ṣe pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nínú ìwé kan náà ni gbólóhùn kan wà tó ní òun lè tún ìpinnu náà yẹ̀ wò tí ìdí bá wà. Ẹyin lọ̀rọ̀. Láti 2016 títí di 2021 ni àwọn adájọ́ fi jà lórí ohun tí gbólóhùn yẹn ń tọ́ka sí.

Ohun tí Castor sọ pé òun ní lọ́kàn nìyí, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ yé e. Ní Amẹ́ríkà, Àtúnṣe Karùn-ún sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn sọ pé kò sí ẹni tí a lè fi túláàsì mú kó jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀daràn. Bí Constand bá pe Cosby lẹ́jọ́ gbà-má-bínú, ẹjọ́ tí wọ́n fi ń gba owó láìsí ẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀, Cosby ṣì lè pa ẹnu mọ́, kó ní ohun tí òun bá sọ lè gbé òun lọ sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti ní kò sẹ́wọ̀n mọ́, kò sóhun tó ń bẹ̀rù, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ mọ́. Castor ní òun fi ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ kí obìnrin náà lè rí owó gbà.

Bí nǹkan ṣe lọ náà nìyẹn. Constand pe ẹjọ́ ní oṣù kẹta 2005. Cosby jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin, lábẹ́ ìbúra, àwọn agbẹjọ́rò Constand ń da ìbéèrè bò ó, kò sì lo ẹ̀tọ́ láti dákẹ́. Níbẹ̀ ló ti gbà pé láyé ọdún 1970 sí 1979 òun gba ìwé oògùn Quaalude, oògùn tí ń kun ènìyàn lóorun, tí òun sì ní i lọ́kàn láti fún àwọn obìnrin tí òun fẹ́ bá lò pọ̀. Ó tún sọ bí òun ṣe fọwọ́ kan Constand àti pé kò dá òun dúró. Ní 2006, ó san mílíọ̀nù 3.38 dọ́là fún un. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ síta, wọ́n sì ti ìwé ìbéèrè náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ẹjọ́.

Ní báyìí, bó ṣe yẹ kí irú ìlérí yẹn rí lórí ìwé nìyí. Òfin Pennsylvania ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáàbò bo ẹlẹ́rìí: agbẹjọ́rò ìjọba á kọ̀wé sí adájọ́, adájọ́ á fọwọ́ sí àṣẹ, àṣẹ náà á sì sọ ohun tó bò àti ohun tí kò bò. Castor kò gba ọ̀dọ̀ adájọ́ kankan lọ. Kò sí àdéhùn tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fọwọ́ sí. Àwọn agbẹjọ́rò Constand, Dolores Troiani àti Bebe Kivitz, búra pé àwọn kò gbọ́ nípa irú ìlérí bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ní wọ́n ṣe é nítorí wọn! Agbẹjọ́rò Cosby tí Castor ní òun bá sọ̀rọ̀, Walter Phillips, ti kú kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́. Ó wá ku ẹnu Castor nìkan, ìwé tó fún àwọn oníròyìn, àti lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó kọ sí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2015.

A kò gbà pé ìdí tí Castor sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni gbogbo ìdí tó wà níbẹ̀. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, ojú ìwé kan péré tí adájọ́ fọwọ́ sí ì bá ti yanjú ẹ̀: bóyá kí ẹnikẹ́ni má tún fọwọ́ kan ẹjọ́ náà mọ́, bóyá kí obìnrin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹjọ́ rẹ̀ ṣe pààrọ̀ kó tó gbà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe tún hú jáde

Ní oṣù kẹwàá 2014, aláwàdà kan, Hannibal Buress, dá ọ̀rọ̀ Cosby sílẹ̀ lórí pèpéle ní Philadelphia. Ẹnì kan ká a sórí fóònù, ó sì tàn ká. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n tó bí ọgọ́ta nígbà tó yá. Ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press lọ sí ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n ṣí ìwé ìbéèrè 2005 náà. Ní ọjọ́ 6, oṣù keje, 2015, adájọ́ Eduardo Robreno ṣí apá kan rẹ̀. Ìdí tó sọ dùn ún gbọ́: ẹni tó ń lọ káàkiri tó ń wàásù ìwà rere fún àwọn ẹlòmíràn, aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ lábẹ́ ìbúra.

Agbẹjọ́rò ìjọba ló wá Constand lọ sí Kánádà. Òun kọ́ ló wá wọn. Àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọdún 12 ni gbèdéke fún irú ẹ̀sùn yìí ní Pennsylvania, yóò sì pé ní oṣù kìíní 2016. Ìdìbò fún ipò agbẹjọ́rò àgbà tún bọ́ sí oṣù kọkànlá 2015: Castor fẹ́ padà sípò, Kevin Steele ń bá a du ú, Steele sì fi ìkéde orí tẹlifíṣọ̀n bú u pé kò mú Cosby. Steele wọlé. Ní ọjọ́ 30, oṣù kejìlá, wọ́n fẹ̀sùn kan Cosby.

Gbèdéke yìí ló fà á tí obìnrin tó tó ọgọ́ta fi ku ẹyọ kan tó rí ẹjọ́ ọ̀daràn dé ilé ẹjọ́. Àkókò ti kọjá lórí àwọn tó kù, ká tiẹ̀ ní gbogbo ayé gbà wọ́n gbọ́.

Ìgbẹ́jọ́ méjì, èsì méjì

Ní Nàìjíríà, adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ tó sì ń dá a. Ní Amẹ́ríkà, ará ìlú 12 tí wọ́n ń pè ní júrì ló máa sọ pé ẹni náà jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ta kú, ẹjọ́ dàrú, wọ́n sì lè tún un bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́, ní Norristown ní oṣù kẹfà 2017, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fẹ́ kí obìnrin 13 mìíràn jẹ́rìí sí i pé bí Cosby ṣe ṣe wọ́n nìyẹn. Adájọ́ Steven O'Neill gba ẹyọ kan. Ó ní ìdí: òfin ẹ̀rí kò gbà kí a fi ohun tí ènìyàn ṣe níbòmíràn sọ pé oníwà burúkú ni, nítorí náà ó ṣe èyí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òfin gbà á bí ó bá fi hàn pé ọgbọ́n kan náà ni ó ń dá léraléra, tí kì í ṣe àṣìṣe: ipò àgbà lójú ọmọbìnrin, oògùn tàbí ọtí, lẹ́yìn náà ara tí kò lè gbé. Júrì náà jókòó ọjọ́ mẹ́fà, wákàtí 52, wọn kò fohùn ṣọ̀kan.

Ní oṣù kẹrin 2018, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ìjọba sì yí ọwọ́ padà. Obìnrin 19 ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún lọ́tẹ̀ yìí, adájọ́ gba márùn-ún. Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹni tó rí ohunkóhun: Barbara Ziv ni, dókítà ọpọlọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún àwọn júrì, kó tó di pé agbẹjọ́rò Cosby yọ wọ́n lẹ́nu, pé ohun tí gbogbo wa rò pé ẹni tí wọ́n fipá bá lò máa ń ṣe kọ́ ni wọ́n máa ń ṣe. Ọ̀pọ̀ mọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ kì í sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣì ń bá ẹni náà sọ̀rọ̀.

Kókó tó kẹ́yìn yìí ni àwọn agbẹjọ́rò Cosby ti gbójú lé. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ fóònù wá, wọ́n ní Constand pe Cosby lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn oṣù kìíní 2004. Ṣé ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń pe ẹni tó ṣe é? Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn: iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwé bá pe ọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, o gbọ́dọ̀ pè é padà. Bí ènìyàn kò bá ti mọ ipò ọkùnrin náà ní Temple, àkọsílẹ̀ fóònù yẹn á jọ ìfẹ́.

Owó tún wá. Nínú ìgbẹ́jọ́ kejì, júrì gbọ́ iye mílíọ̀nù 3.38 fún ìgbà àkọ́kọ́. Agbẹjọ́rò Cosby, Tom Mesereau, pe Constand ní gbájú-ẹ̀. Ó mú òṣìṣẹ́ Temple kan wá tó ní Constand sọ fún òun pé èèyàn lè fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba owó rẹ̀ ní 2006, kí ló tún ń wá ní 2018 tó fi gbà kí wọ́n máa tú ìgbésí ayé rẹ̀ níwájú gbogbo ayé? Kò sówó níbẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹrin, lẹ́yìn bíi wákàtí 14, júrì ní ó jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni wọ́n gbé gba ọ̀nà mẹ́ta: láìgbàṣẹ, nígbà tí obìnrin náà kò mọ ara rẹ̀, àti lẹ́yìn tí ó ti fún un lóògùn. Bí wọ́n ṣe ń kọ ẹ̀sùn nìyẹn: bí ọ̀kan bá yẹ̀, òmíràn á dúró. Torí pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni, O'Neill da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 3 sí 10 ní ọjọ́ 25, oṣù kẹsàn-án, 2018. Cosby kọ̀ láti wọ kíláàsì tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tó ṣe irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn, èyí wà lára ohun tí àwọn tó ń dá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ sọ nígbà tí wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2021.

Ibi tí ó já

O'Neill ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlérí Castor ní oṣù kejì 2016, ó ní kò sí àdéhùn kankan. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní 2019. Adájọ́ David Wecht àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà rí i lọ́nà mìíràn. Wọ́n ní kò dìgbà tí ìwé bá wà. Aṣojú ìjọba sọ níta gbangba pé òun kò ní pe ẹjọ́, ọkùnrin náà gbára lé e, ó sì pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìjọba kò lè wá padà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin yẹn dè é. Nítorí náà kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n má sì tún gbé e wá mọ́.

Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ Quaalude tó jẹ́ kí wọ́n tún ṣí ẹjọ́ náà, tí wọ́n kà sí júrì létí, òun gan-an ni wọ́n fi pa ẹjọ́ náà.

Adájọ́ méje ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ padà wá. Adájọ́ Kevin Dougherty àti ẹnì kan tó tẹ̀ lé e gbà pé wọ́n rẹ́ Cosby jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n yọ ìwé ìbéèrè náà kúrò, kí wọ́n sì tún ẹjọ́ náà ṣe pẹ̀lú ẹ̀rí tó kù. Ẹnì kan ṣoṣo, Adájọ́ Thomas Saylor, ló ní ìwé Castor kì í ṣe ìlérí rárá. Lójú tiwa, ọ̀nà Dougherty ló tọ́ sí i, nítorí kò fi ẹ̀ṣẹ̀ agbẹjọ́rò ìjọba jẹ obìnrin tí kò mọ̀ nípa àdéhùn náà níyà. Ẹjọ́ náà kì bá ṣì lágbára tó bẹ́ẹ̀ láìsí ẹnu Cosby fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Constand wà níbẹ̀, ohùn inú ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ti àwọn ẹlẹ́rìí obìnrin márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún jà lórí rẹ̀: Cosby pe ẹjọ́ lórí ìyẹn náà, ilé ẹjọ́ kò tiẹ̀ débẹ̀.

Agbẹjọ́rò ìjọba gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹta, 2022, wọ́n kọ̀ láti gbọ́ ọ, wọn kò sì sọ ìdí. Ẹjọ́ ọ̀daràn parí síbẹ̀. Kò sí ìdálẹ́bi lórí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé àwọn tó ṣe ìṣekúṣe mọ́.

Ẹjọ́ owó nìkan ló kù. Ní oṣù kẹfà 2022, júrì kan ní Santa Monica, ní California, ní kó san 500,000 dọ́là fún Judy Huth, tó ní Cosby fọwọ́ pa òun lára ní 1975 nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 16. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò béèrè ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì kankan nínú. Ó tó kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan wúwo ju ti ẹnì kejì lọ lórí òṣùwọ̀n. California ti fa gbèdéke náà gùn fún ẹni tí wọ́n ṣe é nígbà tó jẹ́ ọmọdé, ìyẹn ni Huth fi rí àyè wọlé.

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà tún òfin wọn ṣe nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Lise-Lotte Lublin, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó jẹ́rìí ní 2018, ti lọ síwájú àwọn aṣòfin Nevada, ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣáájú ìgbà náà. Ọdún 4 péré ni gbèdéke fún ìfipábánilòpọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2015 wọ́n sọ ọ́ di ọdún 20. Òfin náà kò kan ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí 1989 ló ti ṣẹlẹ̀ sí i.